Jẹ́wọ́ Yàtọ̀ sí Finú Hàn: Ọ̀rọ̀, Ìdákẹ́ àti Inú nínú Ìtàn Sẹ̀gilọlá

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá ní òwe méjì nípa ìdákẹ́ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní ni pé a kì í dákẹ́ kí a ṣì wí. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èkíní ń yin ìdákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ààbò. Èkejì ń kìlọ̀ pé ìdákẹ́ lè mú ẹ̀tọ́ ẹni wọgbó. Àwa tí a ń kọ́ nípa òwe sábà máa ń parí ìjà yìí nípa sísọ pé òwe kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ìdáhùn yẹn kò burú, àmọ́ kò sọ ohun tí a fi ń mọ̀ pé àkókò ọ̀rọ̀ tàbí àkókò ìdákẹ́ ti tó.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òṣùwọ̀n tí a ń wá wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, àti pé orí inú ni òṣùwọ̀n náà dúró lé. Ìbéèrè tí èdè wa ń bi wá ni pé: inú ta ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ta sì ni onínú náà yàn láti gbọ́ ọ? A óò fi ìbéèrè yìí yẹ ìwé kan wò tí àwọn lámèyítọ́ mọ̀ dáadáa, èyíinì ni ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ tí Isaac Babalọlá Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin 1929 àti 1930. Ó rọrùn láti pe ìtàn náà ní ìtàn obìnrin tí ó finú hàn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìjẹ́wọ́ ni, àti pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìjẹ́wọ́ àti ìfinúhàn kò kéré rárá fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohùn obìnrin nínú lítíréṣọ̀ wa.

Ẹnu, inú àti ojú

Inú ni Yorùbá kà sí ibùgbé ìmọ̀lára. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bí ni, inú ni a fi ń ṣe ìkà, òun náà ni a sì fi ń ṣe rere. Ọkàn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọkàn a máa balẹ̀, a máa pòrúurùu, a sì máa fà sí ohun tí ènìyàn fẹ́. Àyà náà ní tirẹ̀: àyà a máa já, a sì máa kì ni láyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ tí a kò ì sọ, inú ni a ń tọ́ka sí. A kì í sọ pé ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ sáyà. Inú ni ó fi í sí.

Nítorí èyí, ìdákẹ́ kò jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lójú Yorùbá. Ẹni tí ó dákẹ́ lè má ní ohun kankan tí ó fẹ́ sọ. Ẹni tí ó panu mọ́ ní ohun tí ó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ mì ti mú un dé ọ̀nà ọ̀fun kí ó tó dá a padà. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ sínú ti fún un ní ilé; ọjọ́ kan lè dé tí yóò mú un jáde, ọjọ́ náà sì lè má dé láéláé. Bí a bá fetí sí i, gbogbo wọn ni kò mú ariwo wá, síbẹ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sísọ pín. A lè wí, a lè sọ, a lè rojọ́, a lè tú àṣírí, a lè jẹ́wọ́, a sì lè finú hàn. Méjì tí ó kẹ́yìn ni ó kàn wá jù. Ẹni tí ó ń jẹ́wọ́ wà níwájú ẹni tí ó lágbára jù ú lọ: Ọlọ́run, ọba, adájọ́, ọlọ́pàá, tàbí àwùjọ tí ó pé lé e lórí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń jẹ́wọ́. A lè fi ìyà mú ènìyàn jẹ́wọ́, kódà a lè mú un jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin arúgbó tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ìfinúhàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń finú hàn ni ó yan ẹni tí yóò gbọ́, ó sì lè jẹ́ ayọ̀ ni ó fẹ́ sọ, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ ìfẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi pàṣán mú ọmọnìkejì rẹ̀ finú hàn. Ibi tí inú méjì bá ti pàdé ni a ń pè ní finúkonú, a kò sì lè ṣe finúkonú pẹ̀lú èrò ọjà.

Ojú ni ẹ̀yà ara kẹta tí ó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnu nìkan kò tó láti gbé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tí ó ń sọ, kí ó lè mọ ibi tí ẹnu àti inú ti fohùn ṣọ̀kan àti ibi tí wọ́n ti yapa. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí: ojú a máa sọ ìyókù, nígbà tí ó bá sì dé inú olùgbọ́, a di odidi.

Bí a bá padà sí òwe méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé wọn kò jà. Òwe kìíní ń sọ nípa ẹnu, nítorí ẹnu ni ó ń ṣì wí. Òwe kejì ń sọ nípa tara ẹni, ohun tí ó jẹ́ ti ènìyàn tí ẹlòmíràn kò lè bá a sọ. Ìdákẹ́ lè gba ẹnu lọ́wọ́ àṣìsọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù tara ẹni. Ibi tí ó ti wá léwu ni ibi tí ẹlòmíràn ti ń fi ẹnu tirẹ̀ sọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ tara wa.

Akéde, etí àti ohùn tí kò ní ojú

Láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ni èdè Yorùbá ti wọ inú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ̀wádún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1920 ni àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá rú jáde ní Èkó. Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntàn dá Elétí Ọfẹ sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Thomas sì dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Orúkọ méjì tí ó gbẹ̀yìn yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀kan pe ara rẹ̀ ní etí, èkejì pe ara rẹ̀ ní ẹnu.

Irú ẹnu wo ni akéde? Akéde ìlú a máa lu agogo, a sì máa ké sí ará ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọba ni, tàbí ti ìgbìmọ̀. Kò sí ẹni tí ń bi akéde pé kí ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnu tí ó yá ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní yà á lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn tí ó jẹ́ orúkọ akéde ni Sẹ̀gilọlá ti rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣàjèjì ni pé akéde yìí kò sọ ẹni tí ó rán an. Ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé obìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú, tí olóòtú kàn ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́tà náà ń jáde láti 1929 títí wọ inú 1930, ó sì di ìwé ní ọdún 1930 kan náà. Karin Barber tún ìwé náà gbé jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àlàyé lórí àwùjọ òǹkàwé Èkó ìgbà náà; iṣẹ́ yẹn ni ó sọ ọ́ di ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ní ibikíbi lè kà. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí ó gba iwájú nínú ìjíròrò ni bóyá òun ni ó yẹ kí a pè ní àkọ́kọ́ ìtàn àròsọ Yorùbá, níwọ̀n ìgbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà kò jáde títí di 1938. Ìbéèrè nípa ọdún ni ìyẹn. Ìbéèrè nípa ohùn ni tiwa.

Ìjẹ́wọ́ Sẹ̀gilọlá

Ẹni tí ó ń sọ̀tàn náà jẹ́ obìnrin Èkó tí ẹwà rẹ̀ ti ṣí, tí àìsàn àti òṣì ti dé bá. Ó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó ń sọ bí ó ti lo ẹwà àti ọgbọ́n ẹ̀tàn fún àwọn ọkùnrin, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ òun. Orin ìsìn, ẹsẹ Bíbélì, òwe àti orin ìgboro Èkó ni ó fi ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Orúkọ ìbòjú ni Sẹ̀gilọlá. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́ débi pé àwọn kan kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀ bí ẹni kọ̀wé nípa aládùúgbò wọn. A ti mọ̀ lónìí pé Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Níwájú ta ni Sẹ̀gilọlá ti ń sọ̀rọ̀? Níwájú Ọlọ́run, níwájú olóòtú, níwájú gbogbo Èkó. Kí ni ó ń sọ? Ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ó yan olùgbọ́? Ẹni tí ó bá ti ní owó ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ni. Gbogbo àmì ìjẹ́wọ́ pé síbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àmì ìfinúhàn. Bí a bá wá fi kún un pé ọkùnrin ni ó mú kálàmù, ohun tí a ní lọ́wọ́ ni ìjẹ́wọ́ tí ẹlòmíràn jẹ́ fún obìnrin. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó béèrè lọ́wọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Tara rẹ̀ bá a dákẹ́, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ẹnìkan lè ṣàtakò pé gbogbo ẹ̀dá ìtàn ni òǹkọ̀wé ń sọ̀rọ̀ fún, pé kí ni a wá rí wí sí Thomas? Àtakò náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Fágúnwà ti ṣe tirẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, bàbá arúgbó kan tọ akọ̀wé wá, ó jókòó tì í, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ojú asọ̀tàn hàn, ọwọ́ akọ̀wé hàn, òǹkàwé sì mọ ibi tí ohùn kan ti parí tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá, ọwọ́ náà fara pamọ́ sábẹ́ ohùn. Àìrójú yìí gan-an ni ó mú kí àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n gba ààbọ̀ ọ̀rọ̀, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì sọ ọ́ di odidi. Ẹni tí ó ti pàdánù owó lọ́wọ́ obìnrin rí obìnrin náà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù fún ọmọbìnrin rẹ̀ rí ọmọ náà níbẹ̀. Inú tí a ń rí nínú ìtàn Sẹ̀gilọlá, inú Èkó ni.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdájọ́ yìí tán láì sọ ohun tí ó ta kò ó nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Nígbàkigbà tí asọ̀tàn bá dé ibi orin àtijọ́, ibi ìmúra àti ibi ẹ̀tàn tí ó já geere, ohùn rẹ̀ a máa gbádùn mọ́ni ju bí ó ti yẹ fún ẹni tí ó ń ronú pìwà dà. Ẹkún a tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n adùn náà ti kọjá lẹ́nu. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìjẹ́wọ́ kò lè bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bóyá Thomas ti gbọ́ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí ni, bóyá èdè Èkó ni ó lágbára jù ú lọ, a kò nílò láti pinnu. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ibi tí ẹ̀kọ́ ìwà ti dákẹ́ díẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ohùn tí ó jọ ti ènìyàn.

Ohùn tí ń kọjá lóde

Ohùn tí a ń gbọ́ láì rí ojú kò ṣàjèjì ní agbègbè tí Èkó wà. Nílẹ̀ Àwórì, tí Òjó àti Ìbà jẹ́ ara rẹ̀, àwọn ènìyàn mọ ìsédè Orò. Obìnrin a wọlé, ilẹ̀kùn a tì, ohùn a sì máa kọjá lóde. Ẹni tí ó wà nínú ilé ń gbọ́, kò gbọdọ̀ wò. Agbára ohùn náà wà nínú àìrójú rẹ̀, ìdákẹ́ àwọn tí ó wà nínú ilé sì jẹ́ ara ètò náà. A kò fẹ́ sọ pé Thomas fi Orò ṣe àwòkọ́ṣe. Ìfiwéra lásán ni a ń ṣe, nítorí ó ràn wá lọ́wọ́ láti rí ohun kan kedere: ní ìgbà Orò, gbogbo ìlú mọ̀ pé obìnrin kò sí lára àwọn tí ó ń lo ohùn. Ìdákẹ́ rẹ̀ kò farasin, a lè tọ́ka sí ilẹ̀kùn tí ó tì. Nínú Akéde Èkó, orúkọ obìnrin ni wọ́n fi sórí ohùn náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan tì. Ìdákẹ́ tí a mọ̀ ní ìdákẹ́ ṣeé béèrè nípa rẹ̀. Èyí tí a fi ọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀ ni ó ṣòro láti bi léèrè.

Ọ̀ràn yìí kò parí ní 1930. Ẹni tí ó bá wọ dánfó ní Òkókómáíkò tàbí Ìyànà-Ìbà, lẹ́bàá ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó ń lọ sí Mile 2, mọ bí rédíò awakọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láàrin súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Lára ohun tí ó máa ń jáde níbẹ̀ ni lẹ́tà tí atọ́kùn ń kà: obìnrin kan ní kí wọ́n má dárúkọ òun, ọkọ òun ti ṣe báyìí, òun náà ti ṣe báyìí, kí àwọn olùgbọ́ gba òun nímọ̀ràn. Àwọn èrò ọkọ̀ tí wọn kò mọ ara wọn rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ọ̀kan yóò bú u, ọ̀kan yóò ṣàánú rẹ̀, kọ̀ǹdọ́ yóò fi tirẹ̀ kún un kí ó tó béèrè owó ọkọ̀. Ọ̀nà tí Akéde Èkó là ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ohùn dé, ojú kò dé, olúkúlùkù fi inú ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó sì sábà máa ń gbẹ̀yìn ni ìdájọ́ lórí obìnrin.

Nínú ọkọ̀ kan náà, ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lè máa gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mì. Kò sí ẹni tí yóò bi í. Bí ó bá sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Òjó tí ó lè jókòó tì, tí ó lè wò ó lójú, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́, a kò sì ní gbọ́ ọ láéláé. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ìfinúhàn kì í wá sí ìgboro.

Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni a lè mú kúrò nínú ìjíròrò yìí. Èkíní, òwe wa nípa ìdákẹ́ kò tako ara wọn, nítorí ohun tí ẹnu ń ṣì yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ tara ẹni. Èkejì, èdè Yorùbá ti fún lámèyítọ́ ní irinṣẹ́ tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀. Bí a bá pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èmi" ní ìfinúhàn, a ti pa ìyàtọ̀ kan tí àwọn tí ó kọ́ wa ní èdè mọ̀ dáadáa rẹ́. Ẹ̀kẹta, ìtàn Sẹ̀gilọlá yẹ ní ìwé tí a ń fi ọ̀wọ̀ kà, ó sì yẹ kí a dẹ́kun àtimáa pè é ní ẹ̀rí ohun tí obìnrin Èkó ìgbà náà ní nínú. Ẹ̀rí ohun tí Èkó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu obìnrin ni.

Iṣẹ́ ṣì wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin inú ìtàn náà kò kọ lẹ́tà kankan. Ìyá asọ̀tàn kò kọ̀wé. Àwọn obìnrin tí ó ń ka Akéde Èkó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń rí orúkọ tí ó lè jẹ́ tiwọn, kí ni wọ́n fi sínú? Ẹni tí ó bá máa wá ìdáhùn kò gbọdọ̀ wá a lẹ́nu Sẹ̀gilọlá nìkan. Kí ó lọ sí orin obìnrin, oríkì, rárà ìyàwó, ẹjọ́ tí obìnrin rò ní kóòtù ìbílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti panu mọ́ tí a lè rí ìdí rẹ̀. Kí ó sì máa bi ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà pé ta ni ó ni ohùn yìí, ta ni ó yàn láti gbọ́ ọ, àti pé ojú ta ni òun rí.